Ṣéènì kẹ̀kẹ́ àti òbìrìkìtì méjì

Ohun tí àwa olùkọ́ ń fi èdè Faransé pè ní tangente commune ń ba ọmọ Oko-Akarè lẹ́rù. Ìlà gbọọrọ kan lásán ni, tó fara kan etí òbìrìkìtì méjì láì gé wọn.

Ní 1885, John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú rẹ̀, táyà iwájú gan-an ni ẹsẹ̀ ń yí. Kí ó lè sáré, wọ́n sọ ọ́ di gíga, ẹni tó bá ṣubú a fara pa. Starley fi ṣéènì so irin róbótó ńlá mọ́ kékeré ẹ̀yìn. Táyà kò nílò gíga mọ́. Ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣéènì tó le dáadáa, tangente commune ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa kọ́kọ́ wo kẹ̀kẹ́, kó tó ṣí ìwé.