Ìlúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àbùùbùtán oníké ní Vava'u

Vava'u ni ọ̀wọ́ erékùṣù kan ní àríwá Tóńgà, nínú òkun Pàsífíìkì. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, àwọn àbùùbùtán oníké máa ń ti Antarctica wá bímọ síbẹ̀. Ọba Tóńgà, Tupou Kẹrin, fòfin de pípa wọn ní 1978. Láti àwọn ọdún 1990 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé àlejò lọ bá wọn lúwẹ̀ẹ́. Ìyá a dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀. Ọmọ a gòkè wá mí, á tún padà sábẹ́ àgbọ̀n ìyá rẹ̀. Lábẹ́ òfin, ènìyàn mẹ́rin péré àti afinimọ̀nà kan ló lè wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin yìí tọ́ gan-an, nítorí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun níbẹ̀, kò sì yẹ kí èrò púpọ̀ dà á láàmú.