Ìtàn Bíbí Wẹ́rẹ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Bí obìnrin tó ti bímọ nípa iṣẹ́ abẹ rí bá tún lóyún, tó wá béèrè ní àyíká Ìwó Road n'Íbàdàn bóyá òun lè bí fúnra òun lọ́tẹ̀ yìí, ìdáhùn tó máa gbọ́ kì í bára mu. Dókítà kan á ní ó ṣeé ṣe. Òmíràn á ní ẹni tí wọ́n bá ti ṣe CS fún lẹ́ẹ̀kan, CS náà ni títí tó máa fi bímọ tán. Agbẹ̀bí ìjọ á ní kó máa gbàdúrà, á bí bí obìnrin Hébérù. Gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí ló ní orírun, àmọ́ ìtàn wọn fọ́n káàkiri. Ìdí tí mo fi kó wọn jọ síbí nìyẹn.

Ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ gbẹ̀bí fún ní Yúróòpù? Àríyànjiyàn yẹn kò wúlò fún wa. Èyí tó wúlò ni ohun tí Robert Felkin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fojú ara rẹ̀ rí lọ́dún 1879 ní Bunyoro, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Uganda lónìí. Oníṣègùn ibẹ̀ fún aboyún ní ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu, ó fi ọtí náà fọ ọwọ́ ara rẹ̀ àti ikùn aboyún, ó gbé ọmọ jáde, ó sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú okùn èèpo igi pa ikùn dé. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Ṣùgbọ́n kò rán ilé ọmọ. Àwọn dókítà Yúróòpù náà kì í sábà rán an, àfi ìgbà tí Max Sänger ará Jámánì fi bí wọ́n ṣe ń rán an hàn wọ́n lọ́dún 1882. Kó tó dìgbà náà, ìyá tó ń kú pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ oyún mìíràn kì í sábà wáyé.

Edwin Cragin ní New York ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣòfin lọ́dún 1916 pé abẹ àkọ́kọ́ ló ń bí gbogbo abẹ tó kù. Ó yẹ ká yẹ èyí wò dáadáa, nítorí wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ po. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má tètè máa gbé abẹ fún àkọ́bí. Nínú àpilẹ̀kọ yẹn kan náà, ó mẹ́nu ba aláìsàn rẹ̀ kan tó ti fúnra rẹ̀ bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Yàtọ̀ sí èyí, òkè ilé ọmọ ni wọ́n ń là nígbà náà, lóròóró, níbi tí ẹran rẹ̀ ti ki tó sì ń sún kì jù nígbà ìrọbí. Ní ọdún 1920 sí 1930, Munro Kerr ní Glasgow mú kí lílà á ní ìsàlẹ̀, níbùú, gbilẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn fẹ́lẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì, àpá rẹ̀ sì lágbára ju ti òkè lọ. Bí ẹni tí wọ́n là nísàlẹ̀ bá rọbí, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 200 ni àpá rẹ̀ ń ya. Ti òkè tó mẹ́rin sí mẹ́sàn-án nínú 100. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ máa fi òfin ti òkè de ti ìsàlẹ̀.

Àpá ara ikùn kò sì lè sọ èyí tó wà nínú. Wọ́n lè la awọ níbùú kí wọ́n la ilé ọmọ lóròóró. Ìwé iṣẹ́ abẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kí gbogbo obìnrin gba ẹ̀dà tirẹ̀ kó tó kúrò lọ́sibítù.

N'Íbàdàn, ọsibítù Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kí ọsibítù UCH tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1957. John Lawson tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ àti D. B. Stewart gbé ìwé ńlá jáde lórí ìgbẹ̀bí ní ilẹ̀ olóoru lọ́dún 1967. Ohun tó ń ba irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ lẹ́rù ni obìnrin tó ní àpá, tó sì lọ rọbí sílé tàbí sílé ìgbẹ̀bí ìjọ nítorí kò fẹ́ kí abẹ tún kan òun. Bí àpá bá ya níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tètè mọ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 1997, àkójọ àwọn ìwádìí láti ilẹ̀ Áfíríkà fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó ní àpá tí wọ́n jẹ́ kó rọbí, nǹkan bí 69 ló bí fúnra wọn.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba pè jọ sọ lọ́dún 1980 pé bíbí fúnra ẹni lẹ́yìn CS ṣeé ṣe. Nígbà tó fi di 1996, nǹkan bí 28 nínú 100 obìnrin tó ti ṣe CS rí ló ń bí fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù àti ẹjọ́ dé. Lọ́dún 1999 ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ ní àfi kí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ wà nítòsí lójú ẹsẹ̀, iye náà sì já wálẹ̀ kíákíá. Lọ́dún 2010 wọ́n tún dẹ okùn díẹ̀. Ìwádìí kan ní Los Angeles lọ́dún 1993 ti sọ pé bí àpá bá ya, tí ìnira sì ti dé bá ọmọ inú, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 18 lọ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹni tó bá ti wà nínú gosiló láti Ìwó Road dé Agodi Gate nírọ̀lẹ́ mọ̀ pé kò yẹ kí irú obìnrin yìí rọbí níbi tí kò ti sí tíátà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì di ọ̀fẹ́ fún aboyún tí kò ní lọ́wọ́. Ó kan ọ̀rọ̀ yìí, nítorí owó àsansílẹ̀ tí ẹbí ń sáré wá kiri kí tíátà tó ṣí náà wà lára ìṣẹ́jú 18 yẹn.