Ìsọ̀, Ẹgbẹ́ àti Kíkó

Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Ajah tàbí ní Lekki tí yóò gbọ́ orúkọ náà Iginla tí kò ní mọ ilẹ̀ tí irú igi bẹ́ẹ̀ ti hù wá. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ni àwa tí a mọ̀ pé Jarome Adekunle Iginla, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, ni ó gbá họ́kì orí yìnyín fún Calgary Flames ní ilẹ̀ Kánádà láti 1996 títí di 2013, tí ó sì di balógun wọn ní 2003, akọni tí ó jẹ góòlù 52 ní sáà kan ṣoṣo. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń fi etí sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí, nítorí rẹ̀ náà sì ni mo ṣe ń ro èdè tí a ó fi ròyìn rẹ̀ fún àwọn tí ń sanwó wo bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí ó ku nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n dìbò yan olórí ìlú Calgary, àwọn tí wọ́n ni Flames kéde pé àwọn kò bá ìjọba ìlú dúnàádúrà mọ́ lórí gbọ̀ngàn tuntun tí yóò rọ́pò Saddledome, èyí tí wọ́n ti ń lò láti 1983. Wọn kò sọ pé àwọn ń lọ. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi, kíá sì ni àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá wọn yóò jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bá gbọ̀ngàn lófìfo.

Kí ni à bá pe ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò lọ? Ẹgbẹ́ kọ́ o. Ẹgbẹ́ ni a ń pe àwọn tí ń dá àjọ pọ̀, ẹgbẹ́ ni àwọn tí ń ra aṣọ kan náà nítorí òkú àgbà, ẹgbẹ́ sì ni àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan ra ẹgbẹ́ lọ́jà. Ohun tí olówó rà lọ́hùn-ún ni ẹ̀tọ́ láti wà nínú NHL, líìgì họ́kì tí ẹgbẹ́ 32 péré wà nínú rẹ̀. Sílọ́ọ̀tì ni àwọn tí ń ra irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù tiwa ń pè é, kò sì burú. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ìsọ̀. Ẹni tó ni ìsọ̀ ní ọjà lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ó sì lè tà á, àmọ́ bó bá fẹ́ gbé e kúrò ní ìlà aláṣọ lọ sí ìlà ẹlẹ́ja, ìyálọ́jà àti àwọn onísọ̀ yòókù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà tí Phoenix Coyotes, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ NHL, wọ gbèsè ní 2009, tí olówó kan, Jim Balsillie, sì fẹ́ rà á kí ó gbé e lọ sí Hamilton, àwọn onísọ̀ yòókù kọ̀, adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ gbèsè náà kò sì gbà fún un.

Coyotes yìí kan náà ni ó jẹ́ kí n gbà pé ọ̀rọ̀ méjì ni a nílò. Ní 2024, Ryan Smith kó àwọn eléré lọ sí Salt Lake City, ṣùgbọ́n orúkọ, àmì àti ìtàn Coyotes kò bá wọn lọ. Ọwọ́ Alex Meruelo, tó ni Coyotes, ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí ní Arizona, pẹ̀lú àyè ọdún márùn-ún láti jí i dìde bó bá kọ́ gbọ̀ngàn, kí oṣù mẹ́ta sì tó pé ni ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ lọ, ìsọ̀ kù. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ròyìn èyí yóò ta kókó tí kò ní lè tú.

Ti ọ̀rọ̀-ìṣe ló ṣòro jù. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Àtìbà sọ Àgọ́ di Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, ṣíṣí ni ìlú náà ṣí, nítorí pé àwọn tó ni ìlú ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ológun wó Máròkó mọ́lẹ̀, tí díẹ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì bá ara wọn ní Ìlasan àti Ìkọ́tà, ìwé ìjọba lè pè é ní ìṣípòpadà bó ti wù ú; ẹni tó ru ẹní lórí lọ́jọ́ náà yóò sọ fún ọ pé wọ́n lé àwọn ni. Kíkó wà láàárín méjèèjì: ẹnì kan ló kó o, ohun tí wọ́n kó kò sì ní ẹnu. Wọ́n kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù FC Dender, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2004, lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn, ó di Remo Stars, ó sì gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nelson Skalbania kó Flames kúrò ní Atlanta lọ sí Calgary ní 1980. Iná tó jó Atlanta nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní 1864, ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ ní 1972, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí orúkọ náà sì dé Calgary, ìlú elépo rọ̀bì, kò sí ẹni tó rò pé kí wọ́n pa iná ọ̀hún. Nítorí náà, “Ṣé wọn yóò kó Flames lọ?” ni mo kọ, n kò kọ “Ṣé Flames yóò ṣí lọ?”, nítorí pé gbólóhùn kejì fi orúkọ ẹni tó ń ṣe é pamọ́.

Wọn kò kó o lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn tuntun, ní oṣù keje ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìlú ni yóò ni ilé náà, àwọn onísọ̀ yóò sì máa san mílíọ̀nù 17 dọ́là Kánádà lọ́dọọdún, tí yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀, fún ọdún 35. Èyí kò tilẹ̀ fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun kankan: ìṣákọ́lẹ̀ ni, gbogbo ọmọ onílẹ̀ láti Ajah dé Ìbẹ̀jú ló sì mọ bí a ti í gbà á.