Àrùn Ló Ń Tún Èkó Ṣe: Ìlera àti Ojú Ọjọ́ ní Apọ́ngbọ̀n

Apọ́ngbọ̀n ni Afárá Èkó ti sọ̀ kalẹ̀ sí Erékùṣù Èkó. Ìnagijẹ William McCoskry ni àdúgbò náà ń jẹ́ títí dòní, òyìnbó oníṣòwò onírùngbọ̀n pupa tó ṣe adelé gómìnà nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní 1861. Láàárọ̀, dánfó á tò bẹẹrẹ lórí afárá, sàláńsà wọn á máa tú èéfín dúdú. Nísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké á máa bú ramúramù lẹ́nu ìsọ̀, alábàárù á máa sáré gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí: “Àgò o! Àgò lọ́nà!” Èéfín tó ń wọ imú rẹ̀ yìí náà ló ń gòkè lọ mú ayé gbóná.

Nǹkan bí ogún ọdún rèé tí àwọn oníṣègùn àgbáyé ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ìlera ara wa gan-an ni ìdí tó yẹ kí a fi wá nǹkan ṣe sí àyípadà ojú ọjọ́. Èkó ti mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àrùn ti ń mú ìjọba náwó sórí ilẹ̀ àti omi erékùṣù yìí. Àwọn kan jèrè rẹ̀. Àwọn mìíràn pàdánù ilé wọn sí i.

Àbàtà, ẹ̀fọn àti wolé-wolé

Ní 1897 ni Ronald Ross rí ẹ̀rí ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, William MacGregor, tó jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó. Títí ó fi kúrò ní 1904, ó ní kí wọ́n pín kuiníìnì, ó sì gbógun ti àbàtà: wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dí òmíràn, wọ́n sì la ojú omi láti fa òmíràn gbẹ. Ọ̀kan nínú ojú omi wọ̀nyí, láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: MacGregor Canal.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, wolé-wolé ń wọ ilé kiri. Wọn á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, ó di owó ìtanràn. Ìyá tó bá ti san án lẹ́ẹ̀kan kò ní jẹ́ kí omi dúró sójú kan mọ́.

Àrùn eku àti ilé tí wọ́n wó

Ní 1924, àrùn burúkú kan tí eégbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1930. Àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra wọn ló ti rí ibi gbé. Ìdí nìyí tí ìjọba fi dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Yábàá wà lára ibi tí wọ́n là sílẹ̀.

Ní 1955, ìgbìmọ̀ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Erékùṣù Èkó, wọ́n ní àdúgbò náà kò mọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀, gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ilé tuntun mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ti jìnnà sí oníbàárà rẹ̀, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, ẹbí tó ti ń wà nínú agbo ilé kan sì fọ́nká.

Èéfín

Ìwádìí Báńkì Àgbáyé fi hàn pé ní 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn láìtọ́jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Àdánù rẹ̀ tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Mọ́tò, ilé-iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tó fà á. Eruku inú èéfín wọn kúnná débi pé imú kò lè sẹ́ ẹ: á wọ ẹ̀dọ̀fóró, á gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á sì dé ọkàn.

Ẹ̀rí wà ní Ìbàdàn pé bí èéfín bá dín kù, ara á mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago pín aboyún 324 sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná bí ìṣe wọn. Àwọn yòókù gba sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù. Èsì tó jáde ní 2017 ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru mú 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tàkọ́kọ́, ṣùgbọ́n 1.9 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba sítóòfù.

Àgbàrá

Òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje, 2011 sọ ọ̀pọ̀ títì Èkó di odò, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Níbi tí kànga kò ti jìnnà sí ṣalángá, bí ọ̀rá piọ wọ́tà bá dí gọ́tà, àgbàrá á da omi méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ni onígbáméjì ń gbà wọlé. Nígbà tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, 2024, Erékùṣù Èkó wà lára ibi tí kọmíṣánnà ètò ìlera, Akin Abayomi, kọ́kọ́ dárúkọ. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí olóúnjẹ ń bu ìrẹsì sí, torí òun náà ń dí gọ́tà.

Ohùn àwọn dókítà

Ní 2008, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi Ọjọ́ Ìlera Àgbáyé sọ̀rọ̀ lórí àyípadà ojú ọjọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pè é ní ewu tó tóbi jù fún ìlera aráyé ní ọ̀rúndún yìí. Ní oṣù Kẹwàá, 2022, àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní Áfíríkà, tí Gregory Erhabor ti West African Journal of Medicine wà lára wọn, kọ̀wé pé Áfíríkà kọ́ ló da ojú ọjọ́ rú, síbẹ̀ òun ló ń jìyà rẹ̀ jù. Wọ́n ní kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó san ohun tó tọ́ sí i. Ní oṣù Kejìlá, 2023, ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́, COP28, ní Dubai ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìlera, ìgbà àkọ́kọ́ rèé.

Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, rélùwéè oníná Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina, tí kò jìnnà sí Apọ́ngbọ̀n, àti Mile 2. Ọ̀nà kan nìyí tí èrò lè fi dé erékùṣù láìtú èéfín sójú títì.

Ibi tó kù ni ká má tún ti 1955 ṣe. Bí ìjọba bá ní kí dánfó àtijọ́ kúrò lọ́nà, kí jẹnẹrétọ̀ sì dákẹ́, ta ni yóò bá awakọ̀ ra òmíràn, iná wo sì ni aránṣọ yóò fi ṣiṣẹ́? Òfin tí a bá tìtorí ìlera ṣe, ẹni tó ń gbé àdúgbò náà lónìí ló yẹ kó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí yóò kó wọlé lẹ́yìn tí a bá ti lé e lọ.