Láti Ẹnu Àgbà dé Orí Pẹpẹ Ìwé: Ìtàn Ìwádìí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì láàrin Àwa Yorùbá

Ìfáàrà

Ẹni tó bá kàwé gboyè ní yunifásítì ilẹ̀ wa mọ iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe kí ó tó jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò yan orí-ọ̀rọ̀ kan, olùkọ́ yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, yóò wá àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà lọ, yóò kọ ohun tó rí sílẹ̀, yóò sì dì í ní ìwé ẹlẹ́yìn líle. Àwọn kan ń pè é ní àpilẹ̀kọ àṣekágbá, àwọn mìíràn ń pè é ní pírójẹ́ẹ̀tì. Èyí tí a fi ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ni a ó máa pè ní iṣẹ́ àṣegboyè nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gbà dé àárín wa, àti díẹ̀ nínú ohun tó ti ibẹ̀ jáde nínú ẹ̀kọ́ mẹ́rin: ìtàn, òfin, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Èrò wa ni pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnu Yorùbá ni a ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ, ṣùgbọ́n a kì í sábà dá a padà sí etí Yorùbá. Gbèsè ni èyí jẹ́, àwa olùkọ́ èdè Yorùbá sì wà lára àwọn tó lè san án.

Bí Ìwádìí Ṣe Dé Àárín Wa

Kí ó tó di 1948, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ gboyè ló lọ sí Fourah Bay ní Freetown tàbí tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Òyìnbó. Ní 1948 ni a dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n abẹ́ Yunifásítì London ló wà, ìwé ẹ̀rí London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbà. Ní 1962 ló di yunifásítì tó dá dúró. Ní ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Èkó gba akẹ́kọ̀ọ́ wọn àkọ́kọ́. Ti Ìlọrin tẹ̀ lé e ní 1975. Ní 1987 ni a yí orúkọ ti Ifẹ̀ padà sí ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Nígbà tó jẹ́ pé London ni gbòǹgbò, kò yani lẹ́nu pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ àwọn aṣáájú wa bí a ti ń ṣe ìwádìí, òun náà ni wọ́n sì fi kọ èsì rẹ̀. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ wọn wò kò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ná wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti N. A. Fádípẹ̀. Ní 1939, ó parí iṣẹ́ àṣegboyè rẹ̀ ní Yunifásítì London lórí ètò àwùjọ Yorùbá: ìgbéyàwó, agbo ilé, ilẹ̀, ìjọba àti ẹ̀sìn. Ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́, nípa Yorùbá. Fádípẹ̀ kú ní 1944. Ìwé náà wà lórí pẹpẹ ní London títí di 1970, nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn tí F. O. Òkédìjí àti O. O. Òkédìjí ti ṣe àtúntò rẹ̀. Ọdún 31 gbáko! Bí iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ bá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ni a ó sọ nípa ti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lókìkí?

Ẹ̀kọ́ Ìtàn

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ní ilẹ̀ Òyìnbó gbà pé ibi tí kò bá sí ìwé kíkọ, kò sí ìtàn níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ àṣegboyè wọn ta ko èrò yìí láàrin wa. Kenneth Dike parí tirẹ̀ ní 1950 lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè ẹnu odò Ọya, ó sì di ìwé ní 1956. Sàbúrì Bíòbákú parí tirẹ̀ ní 1951 lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn láti 1842 dé 1872, ìwé rẹ̀ jáde ní 1957. J. F. Adé Àjàyí parí tirẹ̀ ní 1958 lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1965. Lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì àti ìwé ìjọba wúlò fún wọn, ṣùgbọ́n Dike àti Bíòbákú fi hàn pé ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà náà jẹ́ ẹ̀rí tí a lè gbé yẹ̀ wò, kí a sì gbára lé.

Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn padà sí ìlú rẹ̀, kí ó jókòó ti baálẹ̀, ìjòyè àti arọ́kin, kí ó sì kọ ìtàn ìlú náà. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn àgbà tí a bi léèrè ní 1965 tàbí 1975 ti lọ, ohun tó kù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn kò ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀ lọ.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Bí àgbà kan bá sọ pé, ‘Àwa la tẹ ibí dó,’ ohun tó sọ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní, ‘A bá wọn níbí,’ ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó ní, ‘Wọ́n fún wa nílẹ̀ jókòó.’ Ẹni kìíní ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀, ẹni kejì gbà pé ẹnì kan ṣáájú òun, ẹni kẹta sì jẹ́wọ́ pé àlejò ni òun. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ láìfura. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ti ilẹ̀ bá délé ẹjọ́, tí wọ́n sì gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ àgbà náà ti sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni oríkì tí a túmọ̀ láìkọ ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀: ìtumọ̀ wà, ẹ̀rí kò sí.

Ẹ̀kọ́ Òfin

Nínú ẹ̀kọ́ òfin, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1920, Olúwa ti Èkó, Àmọ́dù Tìjání, lọ sí London nítorí ilẹ̀ tí ìjọba gbà ní Àpápá, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Privy Council dá a láre pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀ lápapọ̀, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó gidi lórí rẹ̀. T. O. Elias, ọmọ Èkó, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì London ní 1949. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní 1951 ni ìwé rẹ̀ jáde lórí òfin àti àṣà ilẹ̀ níní ní Nàìjíríà. Ó di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè wa ní 1972, ó sì di ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní 1982.

Ohun tó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè kíyè sí ni pé àwọn agbẹjọ́rò àti adájọ́ kò lè sá fún ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó ilé gbígbé lásán. Àmì ni pé ẹni tó ń san án gbà pé ẹlòmíràn ló ni ilẹ̀. Nítorí náà, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọ nínú ìwé ẹjọ́. Nígbà tí ẹjọ́ ogún Dáwódù àti Dáńmọ́lé dé Privy Council ní 1962, ìdí-igi àti orí-ò-jorí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo àríyànjiyàn dá lé. Ilé ẹjọ́ gbà pé ìdí-igi, ìyẹn pípín ogún ní iye ìyàwó tó bímọ, ṣì jẹ́ òfin láàrin Yorùbá. Títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí kò gbọ́ Yorùbá rárá gbọ́dọ̀ kọ́ ìdí-igi. Àní lẹ́yìn tí òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò nílé ẹjọ́. Èyí fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ bá lágbára tó, bí ẹni tó gbé e wá kò bá sì tijú rẹ̀, ẹ̀kọ́ gíga yóò gbà á bó ṣe wà.

Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ta ni nínú wa tí kò mọ orin àta? Àwọn bàbá wa ti ń fi í rin ẹnu láti ayébáyé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń yẹ àwọn orin wò láti mọ bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò ẹnu, wọ́n ṣàkíyèsí ohun kan nípa orin àta àti ẹ̀jẹ̀. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ èsì kan jáde pé omi inú gbòǹgbò igi náà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ti yẹ kí ó rí. Inú ilé ìṣàyẹ̀wò ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ti rí ìwòsàn àrùn náà. Olùkọ́ ni àwọn wọ̀nyí, wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ewé àti egbòogi ń tọ̀: yóò lọ bá ẹlẹ́wé ọmọ, yóò gbọ́ orúkọ ewé ní Yorùbá, yóò sì wá orúkọ Látìn fún un. Bí ó bá kọ orúkọ Yorùbá náà láìfi àmì ohùn sí i, tàbí tí kò sọ ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè já ewé mìíràn.

Ní ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àpẹẹrẹ tó dára jù lójú wa ni ti Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ìgbà tí Frobenius, ará Jámánì, ti dé ibẹ̀ ní 1910 ni àwọn Òyìnbó ti mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé gíláàsì tí a kó wá láti òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́. Abídèmí Babátúndé Babalọlá, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà, wú ilẹ̀ náà láàrin 2010 sí 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ tó rí lé ní 12,000. Nínú èsì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n fi hàn pé kálísíọ́mù àti alumíníọ́mù pọ̀ nínú gíláàsì náà lọ́nà tí kò bá ti Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu, àti pé ibẹ̀ gan-an ni a ti ṣe é ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Kí ẹ̀rọ tó sọ bẹ́ẹ̀, ìtàn ẹnu àwọn ará Ifẹ̀ ti so Olókun pọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti ọrọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ǹjẹ́ Yorùbá Lè Gbé E?

Àwọn kan yóò ní èdè wa kò lè ru irú ẹrù yìí. Ìtàn ti dá wọn lóhùn. Ní 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ó sì fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá ní Yorùbá, ilé kò wó.

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ àdàkọ, wọn kò yẹ ní títọ́jú. Òtítọ́ ni pé àdàkọ wà. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ pé ẹni tí òun bi léèrè yóò ka ohun tí òun kọ, tàbí pé ọmọ rẹ̀ yóò kà á sí i létí, ẹ̀rù yóò bà á láti purọ́ mọ́ ọn.

Ohun Tó Kàn Wá

A kò sọ pé kí a pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ohun mẹ́ta ni a dábàá. Èkíní, kí àwọn tó wà ní yunifásítì nínú ẹgbẹ́ wa bẹ àwọn ẹ̀ka yòókù pé kí àpilẹ̀kọ tó bá dá lórí ilẹ̀ Yorùbá ní àkékúrú ojú ìwé méjì ní Yorùbá, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì padà sí ìlú tí a ti ṣe ìwádìí. Àwa olùkọ́ èdè ni kí a bá wọn yẹ àmì ohùn àti àkọtọ́ rẹ̀ wò. Èkejì, kí a máa kọ ọ̀rọ̀ abẹ́nà-ìmọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè rẹ̀, kí ìtumọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin olùdánwò ní pàtàkì. Kí àyọkà tí a ń fún àwọn ọmọ nínú ìdánwò má ṣe jẹ́ ìtàn ìjàpá àti ọ̀rọ̀ ìwà rere nìkan. Ẹ fún wọn ní ti gíláàsì Igbó Olókun, ti ìdí-igi àti ti orin àta. Ọmọ tó bá ka sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá nínú yàrá ìdánwò kò ní gbà mọ́ pé èdè àlọ́ nìkan ni tirẹ̀.

Ìkádìí

A ti rí i pé láti ìgbà Fádípẹ̀ ní 1939 títí di ti Igbó Olókun ní 2017, ìmọ̀ tí àwọn ará ilé wa pa mọ́ ti ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ẹ̀kọ́ òfin gba ọ̀rọ̀ wa bó ṣe wà, ẹ̀kọ́ ìtàn sọ díẹ̀ nù nínú ìtumọ̀, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sì ń lo orúkọ tí a fún nǹkan láti mọ ibi tí wọ́n máa wá a sí. Ẹni tí a bi ní ìbéèrè ní Yorùbá, tí ó sì dáhùn ní Yorùbá, ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ èsì rẹ̀ ní Yorùbá. Iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára ẹgbẹ́ wa.