Orúkọ Ta Ni Ó Yẹ Kó Wà Nínú Ìwé? Kẹ̀kẹ́ Márúwá, Wẹ́dà Alímọ̀ṣọ́ àti Ìtàn Ọnà Ohun-Èlò

Púpọ̀ nínú ìwé tí a ti kọ lórí ọnà ohun-èlò òde òní ni ó dà bí oríkì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọnà ohun-èlò ni iṣẹ́ ríronú, kí ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan jáde lọ́pọ̀, nípa bí nǹkan náà yóò ṣe rí, bí ọwọ́ yóò ṣe dì í mú, ohun tí a ó fi ṣe é àti iye tí yóò ná ẹni tí ó bá rà á. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a ó máa pè ní oníṣọ̀nà níhìn-ín. Ní ọdún 1936, òǹkọ̀wé Nikolaus Pevsner tọ ipa ọnà ìgbàlódé láti ọ̀dọ̀ William Morris ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ọ̀dọ̀ Walter Gropius ní Jámánì. Ní 1951, Raymond Loewy, oníṣọ̀nà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé lórí Dieter Rams, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún darí ẹ̀ka ọnà ní ilé-iṣẹ́ Braun, kò yé jáde. Àríyànjiyàn àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń pa ìtàn ohun-èlò dé sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ní àdúgbò bí Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, ẹ̀yìn tí a bá ti ra ohun-èlò tán ni apá pàtàkì nínú iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a mọ̀ sí kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ ẹ̀rí tí ó súnmọ́ni jù lọ. Baba ńlá rẹ̀ ni Ape, tí ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì gbé jáde ní 1948, tí Corradino D'Ascanio sì yà. Ẹnjiníà tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí hẹlikópítà ni ọkùnrin náà, òun kan náà ni ó ya Vespa ti ọdún 1946, àwọn ìwé ọnà kò sì fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Láti Ítálì ni iṣẹ́ náà ti dé Íńdíà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Bajaj ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Piaggio láti máa ṣe é. Ìjọba Mohammed Buba Marwa, tí ó ṣe gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni ó mú kẹ̀kẹ́ náà wọ Èkó, orúkọ rẹ̀ ni ará ìlú sì sọ ọ́. Ní Alímọ̀ṣọ́, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí, kẹ̀kẹ́ ni ó ń gbé èrò láti ojú títì Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndo wọ inú àdúgbò. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì fòfin de kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kejì ọdún 2020, Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn.

Kẹ̀kẹ́ tí ó ń ná Ìkòtún kì í ṣe ohun tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́ gan-an mọ́. Ní Íńdíà, apá òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà, apá òsì náà sì ni èrò ń bọ́ sílẹ̀ sí. Nàìjíríà ti kó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ẹni tí ó bá sì bọ́ sílẹ̀ lápá òsì níhìn-ín, àárín títì ni ó bọ́ sí. Ìdí nìyí tí wẹ́dà, ìyẹn ẹni tí ń jó irin pọ̀, fi ń jó ọ̀pá irin dábùú ẹ̀gbẹ́ òsì nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, kí èrò má baà rí ibẹ̀ gbà. Wẹ́dà kan náà ni ó ń fẹ ìjókòó iwájú kí èrò lè jókòó ti dẹ́rẹ́bà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èrò mẹ́ta lẹ́yìn ni ilé-iṣẹ́ ní lọ́kàn. Aránjókòó a pààrọ̀ awọ ìjókòó, ríwáyà a tún wáyà iná tò, ẹlòmíràn a sì rán tapọ́lì tí a ń tú sílẹ̀ bí òjò bá dé.

Àwọn òǹkọ̀wé kan ti gbìyànjú láti tú okùn ìtàn akọni tí ìwé ọnà ń sọ. Adrian Forty, nínú ìwé tí ó kọ ní 1986, fi hàn pé èrò àwùjọ àti ètò ọrọ̀ ajé ń darí ìrísí ohun-èlò ju ìfẹ́ inú oníṣọ̀nà lọ. Síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti ọjà ni ó gba púpọ̀ nínú àlàyé rẹ̀. Victor Papanek, tí ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1971, súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ú lọ. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ṣe rédíò inú agolo fún Indonesia, tí òwú àti ìda tí ń jó ń fún lágbára; ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ara agolo náà sílẹ̀ láìkùn ún, kí oníkálukú lè ṣe tirẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ nìkan ni ó fi sílẹ̀ fún wọn. Wẹ́dà Alímọ̀ṣọ́ kò dúró de àyè tí oníṣọ̀nà bá fi sílẹ̀. Egungun ohun-èlò fúnra rẹ̀ ni ó ń tún ṣe.

A lè takò ó pé àtúnṣe lásán ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí kò yẹ kí a pe gbogbo irin tí a bá jó ní ọnà. Ó sì yẹ kí a ní òṣùwọ̀n. Bí wẹ́dà bá jó irin kan tí ó ṣẹ́ padà, àtúnṣe ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ ẹni tí yóò lo nǹkan náà, tí ó mọ ewu tí ó fẹ́ dènà, tí ó gé ọ̀pá àwòṣe tí ó fi ń wọn èyí tí ó kàn, tí ọmọ iṣẹ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀gá, tí ṣọ́ọ̀bù mìíràn sì ń ṣe irú rẹ̀, gbogbo ohun tí ìwé ń wò mọ́ oníṣọ̀nà lára ti pé síbẹ̀.

Àtakò kejì ni pé irú àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí kò lórúkọ tí ìwé lè kọ. Ìtàn ọnà Yorùbá fúnra rẹ̀ tako èyí. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ó pàtẹ rẹ̀ kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, ni. Ilé rẹ̀ kò fìgbà kan gbàgbé orúkọ náà: ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, Olójú-ifún, ṣì ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí John Pemberton. Ẹni tí kò béèrè ni kò gbọ́ orúkọ.

Ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nifemi Marcus-Bello, oníṣọ̀nà tí ó fi Èkó ṣe ibùdó, ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun-èlò tí kò ní ìwé, lára èyí tí kẹ̀kẹ́ àwọn mẹ́rúwà tí ń ta omi kiri wà; ó sì lọ bá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àpótí irin jẹnẹrétọ̀ láti ṣe àpótí ìjókòó rẹ̀ tí ó ń jẹ́ LM Stool. Ohun tí ó kù ni kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, bíi Yaba College of Technology àti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ìwádìí, kí ojú ewé tí yóò sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ti ọ̀dọ̀ D'Ascanio gba Bajaj dé ṣọ́ọ̀bù tí ó jó irin ẹ̀gbẹ́ òsì.

Orúkọ tí a bá kọ kò sì ní jẹ́ ti ìyìn nìkan. Irin ẹ̀gbẹ́ òsì ń dáàbò bo èrò. Ìjókòó iwájú tí a fẹ̀ ń fi èrò sínú ewu, nítorí kò sí ohun tí yóò dá a dúró bí kẹ̀kẹ́ bá dojú dé. Ọwọ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń pe iṣẹ́ yìí ní àtúnṣe aláìlórúkọ, kò sí ẹni tí a ó yìn fún ti àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tí a lè bá jókòó kí ti èkejì lè dára sí i. Oníṣọ̀nà ni ẹni tí ó ń dáhùn fún ohun tí ó ṣe. Ìwé tí ó bá pe wẹ́dà Ìkòtún ní oníṣọ̀nà ti pè é síbi ìdáhùn náà.