Títọ́jú Ẹja Inú Ibú Nínú Ilé: Ẹ̀kọ́ Láti Rarotonga

Nínú iṣẹ́ yìí, a yẹ ìtàn títọ́jú ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì wò. Ní 1853 ni wọ́n ṣí ilé ẹja sílẹ̀ fún ará ìlú nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù. Ẹja inú ibú kò tètè dé irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1992 ni Richard Pyle àti John Randall tó ṣàpèjúwe Centropyge boylei, ẹja kékeré onílà pupa àti funfun láti Rarotonga, nínú Òkun Pàsífíìkì. Ibi tó jìn ju mítà 50 lọ ló ń gbé.

Kí ló mú un ṣòro? Ní mítà 90, agbára tó ń tẹ ẹja tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ojú omi. Bí a bá fà á gòkè kánkán, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, ó sì lè pa á. Nítorí náà, òmùwẹ̀ a máa gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó fi abẹ́rẹ́ tú afẹ́fẹ́ náà jáde. Nínú ilé, omi tó tutù díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bàìbàì àti ihò òkúta ló ń fẹ́.

A rí i pé ibi tí wọ́n ti mú ẹja yìí ló ń sọ bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀. A dábàá kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fi ìtàn yìí ṣàlàyé bí omi ṣe ń tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.